“Dáadáa Ni, Mà”: Ọmọ Èkìtì Kan àti Sáà Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ ní Jámánì

Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí ti gbà kí n kọ ọ́. Ó kàn ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ yunifásítì méjèèjì. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé bí a bá fẹ́ rán ọmọ lọ kàwé nílẹ̀ òkèèrè láti Èkìtì níbí, ìmọ̀ràn tí à ń fún un kì í sábà kọjá ti òtútù, aṣọ àti oúnjẹ. Ọmọ yìí ní aṣọ òtútù. Ó mọ oúnjẹ sè. Síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó padà wálé lọ́wọ́ òfo, ohun tó sì fẹ́ dá a padà kò sí nínú gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún un.

Ọmọ agbègbè Ìjerò ni. Ó wà ní 300 level nígbà náà, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ló ń kọ́. Ẹni tó bá mọ Ìjerò á mọ̀ pé ọmọ ibẹ̀ kì í rìn jìnnà kó tó rí òkúta: kàólíìnì wà níbẹ̀, òkúta olówó iyebíye wà níbẹ̀, láti ìgbà tí ayé sì ti ń wá lítíọ́ọ̀mù kiri fún bátìrì, ẹsẹ̀ àlejò kò wọ́n níbẹ̀ mọ́. Yunifásítì rẹ̀ àti ọ̀kan ní ìlà-oòrùn Jámánì ní àdéhùn láti máa pààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Sáà kan péré ni yóò lò, sáà ìgbà òtútù 2023 sí 2024. Yóò ṣe kọ́ọ̀sì níbẹ̀, wọn yóò fi máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, yóò sì wá parí ìwé rẹ̀ ní Èkìtì. Owó ìrànwọ́ wà fún un, inú àkáǹtì tó bá ṣí ní Jámánì ni wọn yóò máa san án sí lóṣooṣù. Èmi ni mo ń mójú tó irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi sì ni fáìlì rẹ̀ wà.

Nǹkan mẹ́ta kan ti wà nílẹ̀ kó tó wọ bàálù, tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Èkíní, fíṣà rẹ̀ pẹ́. Nígbà tó fi gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ padà ní Èkó, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń mú àwọn àlejò mọ ilé mọ ọ̀nà ní yunifásítì ọ̀hún ti kọjá. Èkejì, owó. Oṣù kẹfà 2023 ni ìjọba àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, owó tí bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti tọ́jú láti ra yúrò fún un kò wá ra iye tó yẹ kó rà mọ́. Wọ́n ṣa ohun tí wọ́n rí jọ lé e lọ́wọ́, ọmọ náà sì mọ iye tó ná wọn. Ẹ̀kẹta ni ìdúpẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìrìn àjò náà, gbogbo ẹbí jó dé iwájú pẹpẹ, pásítọ̀ gbàdúrà pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò padà wá dà, àwọn ìyá ìjọ fún un lówó. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé ṣe rí ní Èkìtì níbí. Ọmọ tí wọ́n ti dúpẹ́ lórí rẹ̀ kó tó lọ, ọ̀rọ̀ wo ni yóò fi sọ pé nǹkan kò lọ déédéé?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ní Jámánì, ó ṣe é. Òfin ibẹ̀ ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ènìyàn bá kó sínú ilé, kó lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìlú, kó mú ìwé tí onílé fọwọ́ sí dání. A ti kọ ọ́ sínú ìwé tí a fún un, ó sì ṣe é kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Ó ṣí àkáǹtì sí báńkì. Ó gba íńṣọ́ránsì ìlera, nítorí láìsí ìyẹn yunifásítì kò ní gbà á wọlé. Gbogbo ìwé rẹ̀ pé pérépéré. Ẹni tó bá wo fáìlì rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá á sọ pé ọmọ yìí ti fìdí kalẹ̀.

Ilé akẹ́kọ̀ọ́ alájà mẹ́rin ni wọ́n fi í sí. Yàrá tirẹ̀ wà lókè, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló jọ ń lo kíṣìnì àti balùwẹ̀ kan náà. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé, àwọn àpótí lẹ́tà onírin tò lọ sára ògiri. Kò sí nọ́ńbà yàrá lára wọn. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pépà wà lábẹ́ ike náà, orúkọ ẹni tó ni àpótí ló wà lára pépà. Orúkọ ẹni tó ti kó jáde ló ṣì wà lára èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Àràárọ̀ ló ń kọjá níwájú rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ní Jámánì, orúkọ ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò. Bí orúkọ tó wà lára lẹ́tà kò bá sí lára àpótí kankan, yóò dá a padà fún ẹni tó fi í ránṣẹ́, bí àdírẹ́sì náà tilẹ̀ tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, ohun gbogbo tó ṣe pàtàkì nílẹ̀ wọn, inú lẹ́tà ló ń gbà wá. Káàdì báńkì á wá nínú lẹ́tà kan, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ á wá nínú òmíràn. Káàdì akẹ́kọ̀ọ́, tó fi lè wọ ọkọ̀ láìsanwó mọ́, inú lẹ́tà ni yunifásítì yẹn fi ránṣẹ́. Ní Ìjerò, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ sára ògiri. Ẹ dé oríta, ẹ ní ilé Bàbá Tíṣà lẹ ń lọ, ọmọdé kan á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tí wọ́n tọ́ níbẹ̀ kò lè rò ó láé pé pépà tí kò gùn ju ìka lọ ló ń pinnu bóyá òun wà nínú ilé tàbí òun kò sí.

Bí owó ṣe wà ní àkáǹtì tí kò lè fọwọ́ kàn án nìyẹn. Oṣooṣù ni owó ìrànwọ́ ń wọlé, owó ilé sì ń jáde fúnra rẹ̀, nítorí náà onílé kò rí ohun tó máa bi í léèrè. Ó lọ sí báńkì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní àwọn ti fi káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ tipẹ́. Ó dúpẹ́, ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ọ̀nà tó lé ní ìdajì wákàtí ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì, nínú òtútù, nígbà tí ọkọ̀ tó ti sanwó fún ń kọjá lára rẹ̀. Yúrò tó mú ti ilé wá ló ń fi ra ìrẹsì àti ẹyin. Gàrí tí ìyá rẹ̀ dì fún un ló gbé e dé oṣù kejìlá.

Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ báńkì yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ojú ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó wà nídìí tábìlì dáhùn ohun tí ó bi í, kò sì fi nǹkan kan kún un. Ká ní báńkì kan ní Adó ni, obìnrin tó wà nídìí tábìlì á wò ó lójú, á ní, “Ṣé kò sí o, àbúrò? Níbo lò ń gbé gan-an?” Lọ́dọ̀ tiwa, àánú máa ń yà bá ènìyàn láìpè. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìrànlọ́wọ́ wà lóòótọ́, ó tilẹ̀ pọ̀, àmọ́ ọmọ tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé. Bí o kò bá ní kí wọ́n wò ó bóyá lẹ́tà náà padà sọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kò ní wò ó. Wọn kò kórìíra rẹ. Lójú tiwọn, bí wọ́n bá yọjú sí ọ̀rọ̀ tí o kò mú wá, ńṣe ni wọ́n tojú bọ ohun tí kò kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àdúrà ló tẹ̀lé e. Aago márùn-ún ìdájí ni ìdílé rẹ̀ ń gbàdúrà ní Ìjerò, láti kékeré ló sì ti ń bá wọn gbà á. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Jámánì, aago tibẹ̀ fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, aago márùn-ún Ìjerò sì jẹ́ aago mẹ́fà fún un. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, 29 oṣù náà lọ́dún 2023, wọ́n fa aago sẹ́yìn níbẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Aago wọn àti tiwa wá di ọ̀kan. Àdúrà tí kò yí padà ní Ìjerò bọ́ sí aago márùn-ún ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ka aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ sí àkókò ìdákẹ́jẹ́. Ẹ mọ bí a ṣe ń gbàdúrà. Ògiri ilé náà kò sì nípọn.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó gbé fóònù sí i kó túmọ̀ rẹ̀: kí ó jọ̀wọ́ dákẹ́ títí di aago mẹ́fà. Kò sí orúkọ lábẹ́ rẹ̀. Nílé tiwa, ẹni tí ẹ jọ ń gbé tí kò kan ilẹ̀kùn rẹ, tó wá lẹ ìwé mọ́ ọn, ó ti sọ fún ọ pé òun kò fẹ́ rí ojú rẹ. Bí ọmọ yìí ṣe gbà á nìyẹn. Ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, ìwé bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára ilẹ̀kùn, lára fíríìjì, lára ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ohun tí wọ́n ń lò ni kí ọ̀rọ̀ má baà di ìjà. Òun kò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí wọ́n jáde tán kó tó wọ kíṣìnì. Inú yàrá ló ń jẹun. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára ní ìdájí, kò bá wọn gbàdúrà mọ́. Bí ohùn ẹ̀dá ènìyàn tó ń gbọ́ lójúmọ́ ṣe di ti fóònù nìkan nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ orí fóònù ṣe máa ń lọ rèé, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà:

“Ṣé dáadáa ni?”
“Dáadáa ni, sà.”
“Ṣé ìwé ń lọ?”
“Ó ń lọ, sà.”
“Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ fún wa.”
“Àmín, sà.”

Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí òótọ́. Ìkíni ni. Ẹni tí wọ́n bá bi pé ṣé dáadáa ni, dáadáa ló ń dáhùn, tó bá tilẹ̀ ń ṣàìsàn, “ara ń le díẹ̀díẹ̀” ni yóò sọ. Fọ́ọ̀mù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ní àyè kan tó béèrè bóyá ìṣòro wà. Ó kọ “kò sí” síbẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ó tún kọ ọ́ ní oṣù kejìlá.

Oṣù kejìlá kò rọrùn fún ẹni tó ti ilẹ̀ wa lọ. Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ni oòrùn ti ń wọ̀ ní apá ibi tó wà. Ìyá rẹ̀ á pè é ní aago márùn-ún láti ọjà, lójú fídíò, oòrùn á ṣì wà lórí àwọn tó ń rajà lẹ́yìn rẹ̀. Fèrèsé tirẹ̀ á dúdú bí ìgbà tí ilẹ̀ ti ṣú tipẹ́. Aago kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ó ní ìgbà tí òun rí ìyẹn ni òun kọ́kọ́ gbà pé òun jìnnà sílé.

Ìṣòro kíláàsì wà lábẹ́ gbogbo èyí, òun ló sì léwu jù. Níbí, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò rẹ̀ nìyẹn. Ní yunifásítì tó lọ, ọ̀tọ̀ ni ti kíláàsì, ọ̀tọ̀ ni ti ìdánwò: akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá láti sọ pé òun yóò ṣe ìdánwò. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó jókòó sí kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní rí orúkọ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ó fura pé nǹkan kan wà tí òun kò tíì ṣe. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà olùkọ́ láti béèrè, bí a ṣe ń dúró de olùkọ́ níbí. Olùkọ́ jáde, ó kí i, ó kọjá lọ. Wákàtí tí olùkọ́ yẹn fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wà lójú ìwé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ímeèlì ni wọ́n sì fi ń bá a dá àkókò. Nígbà tí olùkọ́ náà bá a sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ọmọ yìí ń wo ilẹ̀ bó ti yẹ kí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe níwájú àgbà. Olùkọ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé kò gbọ́ ohun tí òun ń kọ́ wọn rárá ni, ojú sì ń tì í.

Inú oṣù kìíní 2024 ló gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ó wọ ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ti tì kí ọdún tó parí. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lọ sí kíláàsì mọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ní Èkìtì ló kọ́kọ́ rí i. Ó wá bá mi lọ́fíìsì, ó ní, “Mà, kò gbé òkúta sórí status mọ́.” Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní láti 100 level ni ó ti máa ń ya òkúta tó bá rí, á gbé e sórí WhatsApp, á kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́, àwọn á sì jọ máa jiyàn lé e lórí. Látìgbà tó ti débẹ̀ ló ń ṣe é, títí kan òkúta tí wọ́n fi tẹ́ títì ìlú náà. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí nǹkan kan. Ọmọbìnrin yìí kò ní fọ́ọ̀mù kankan lọ́wọ́, ó sì mọ ju ohun tó wà nínú fáìlì lọ.

N kò pè é. Bí mo bá pè é, “Dáadáa ni, mà” ni n óò gbọ́. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìkọ̀lé, wà ní ìlú tí kò jìnnà sí tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ni. Mo ní kó bá mi pè é. Obìnrin yìí ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì gbọ́n. Ó fi ìpè fídíò pè é, ó fi èdè Èkìtì kí i, kò bi í pé ṣé dáadáa ni. Ó ní, “Àbúrò, kí lo jẹ lánàá?” Ọmọ náà ní òun jẹun. Ó ní, “Kí lo jẹ?” Ó dákẹ́. Ó ní, “Gbé fóònù dé ibi tí o ń kó oúnjẹ sí, kí n rí i.” Lẹ́yìn ìyẹn ló bi í, “Ta lo bá sọ̀rọ̀ lánàá tí kì í ṣe lórí fóònù?” Ibẹ̀ ni ọmọ bú sẹ́kún.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, ìbéèrè méjì yẹn ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kò sí ìdáhùn ìkíni fún wọn. Ènìyàn kò lè dáhùn “dáadáa” sí “kí lo jẹ”. Wọn kò sì dójú ti ọmọ, nítorí oúnjẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń béèrè.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti iyán ẹlẹ́lùbọ́ dání. Wọ́n jẹun tán, wọ́n ń jáde lọ rìn, ó dúró níwájú àwọn àpótí lẹ́tà. “Èwo ni tìrẹ?” Ọmọ náà kò mọ̀. Obìnrin náà wá bírò nínú báàgì rẹ̀, ó ya etí ìwé kan, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i ní lẹ́tà gàdàgbà, ó yọ pépà ti àtijọ́, ó sì ki tuntun bọ abẹ́ ike. Ní ọjọ́ Ajé ó ní kó padà sí báńkì, kó má sọ pé káàdì òun kò tíì dé, kó sọ pé lẹ́tà náà ti padà sọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan náà. Kò pẹ́ rárá tí ó fi wọlé. Káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀lé e.

Ti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, obìnrin náà kò bá a ṣe é. Ó ní kó lọ kan ilẹ̀kùn wọn fúnra rẹ̀. Ó gbà á ní ọjọ́ mélòó kan kó tó lè ṣe é. Èyí tó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn kò fi bẹ́ẹ̀ rántí mọ́. Gbogbo wọn rò pé òun ló ń bínú sí wọn, nítorí wọn kì í rí i. Bàbá rẹ̀ gbọ́, ó sún àdúrà ìdílé sí aago mẹ́fà ní ọjọ́ tí ọmọ bá máa dara pọ̀. Ó wú mi lórí, nítorí mo mọ baba náà, àdúrà aago márùn-ún yẹn ti wà láti ayé bàbá tirẹ̀.

Ìdánwò ló kù. Mo ní kó kọ ímeèlì sí alákòóso àwọn àlejò ní yunifásítì ọ̀hún, kó fi hàn mí kó tó fi ránṣẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ kọ gùn: ìkíni, àforíjì, ọpẹ́ fún oore tí wọ́n ti ṣe, àdúrà, ohun tó fẹ́ gan-an wà nílà tó kẹ́yìn. Ẹni tó ń ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún ímeèlì kò ní dé ibẹ̀. A tún un kọ: kọ́ọ̀sì mẹ́ta rèé, ọjọ́ tí mo mọ̀ pé mi ò forúkọ sílẹ̀ rèé, ìdí rèé, ohun tí mo ń béèrè rèé, mo lè wá bá yín lọ́jọ́ báyìí. Èsì wọlé lọ́jọ́ kejì. Ìdánwò àkọ́kọ́ ti bọ́, àmọ́ méjì nínú kọ́ọ̀sì náà ní ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ìparí oṣù kẹta, kí sáà náà tó parí ní 31 oṣù náà. Fún ẹ̀kẹta, olùkọ́ lè fi ẹnu bi í ní ìbéèrè.

Olùkọ́ yìí ni ẹni tó rò pé kì í gbọ́ ẹ̀kọ́. Ó bi í pé irú òkúta wo ló wà ní ìlú rẹ̀. Ọmọ náà gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹgimátáìtì Ìjerò, ibi tí ó ti yọ, ohun tó wà nínú rẹ̀, bí àwọn tó ń wa kùsà ṣe ń mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́. Àkókò tí wọ́n dá fún ìdánwò náà tán, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀.

Máàkì dé: 1.3, 1.7, 2.3. Ní Jámánì, 1.0 ni ó ga jù, 4.0 ni ó kéré jù tí ènìyàn lè fi yege, 5.0 ni ẹni tó bá fìdí rẹmi ń gbà. Níbí, 5.0 ni gbogbo wa ń lé, ẹni tó bá sì ní 1.7, third class ló wà. Ẹ̀rù bà á. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ìwé rẹ̀ wọlé sí mi: “Mà, mo rí 1.7. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí n tó sọ fún dádì.” Inú mi dùn sí ìwé yẹn ju máàkì náà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ní Èkìtì tàbí níbòmíràn, ohun tí mo rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni pé kí ẹ fi ohun tí ojú lè rí rọ́pò “ṣé ìṣòro wà”. Fọ́ọ̀mù tiwa kò béèrè ìyẹn mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ ní láti ya fọ́tò orúkọ rẹ̀ lójú àpótí lẹ́tà ránṣẹ́. Ní oṣù kejì tó ti débẹ̀, ká rí ojú ìwé tó fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Láàárín ìyẹn, ẹnìkan á pè é, á béèrè ohun tó jẹ lánàá àti ẹni tó bá sọ̀rọ̀, orúkọ ẹni tó máa pè é sì gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì kó tó kúrò nílé. Kí ó jẹ́ ẹni tí ó lè wọ ọkọ̀ lọ bá a láàárọ̀ kó padà lálẹ́. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì kò wọ́n níbi kankan láyé, ká wá wọn.

Ẹ pe àwọn òbí náà jókòó. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ìdúpẹ́ sílẹ̀, àmọ́ kí wọ́n sọ fún ọmọ, lójú ẹni tó dàgbà nínú ẹbí, pé bí nǹkan bá ṣòro kó pè, ẹnikẹ́ni kò ní bínú. Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Bí èmi bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni yóò kà á sí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n àwa la kọ́ ọmọ láti dákẹ́ níwájú àgbà, àwa náà ló sì yẹ kó fún un láyè láti sọ̀rọ̀.

Ti ímeèlì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin níwájú yín kí wọ́n tó lọ, èyí tí ohun tí wọ́n ń béèrè wà nílà àkọ́kọ́. Ó máa ń rí lójú wọn bí ẹni pé wọ́n ń ṣe àfojúdi. Ẹ ní sùúrù fún wọn.

Máàkì ló pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ìwé rẹ̀ ní ilé ìwé tirẹ̀ fẹ́ kọ 1.7 sílẹ̀ bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ oṣù la fi lọ, tí a fi bọ̀, kí wọ́n tó gbà láti yí i sí òṣùwọ̀n tiwa, bẹ́ẹ̀ ni a ní láti ṣàlàyé bí 30 krẹ́díìtì tí wọ́n ń ṣe ní sáà kan lọ́dọ̀ wọn ṣe yàtọ̀ sí yúníìtì tiwa. Gbogbo ìyẹn ló yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ẹ̀ka ìmọ̀ àti ti ọ́fíìsì ìdánwò, kí ọmọ tó lọ gba fíṣà. Ẹni tó bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ní oṣù kẹwàá, kó ti gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní oṣù kẹrin.